Ìgbéyàwó Kì Í Ṣe Oògùn

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe èyí tí a sábà máa ń sọ nínú ìjọ. Bí a bá tilẹ̀ sọ ọ́, ariwo ni a fi ń sọ ọ́ láti orí pẹpẹ, tàbí kí a máa sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ lẹ́yìn ìsìn. Mo bẹ̀ yín, ẹ kà á tán kí ẹ tó bínú. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, ṣùgbọ́n èyí kò ṣeé sọ ní ààbọ̀, nítorí pé ààbọ̀ tí a ń sọ ni ó ń tú ilé ká.

Ọ̀rọ̀ náà nìyí. Ọ̀dọ́ kan wà, ọkùnrin tàbí obìnrin, tí ó ti pé ọmọ ọdún 24, 26 tàbí 28. Ó ti jáde ilé-ìwé, ó ti ṣe agùnbánirọ̀, ó ti ń ṣiṣẹ́. Láti ìgbà èwe rẹ̀ ni ó ti gbà pé bí ọkàn àwọn ẹgbẹ́ òun ṣe rí ni tòun náà ṣe rí. Díẹ̀díẹ̀, ó wá yé e pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin ni, ṣùgbọ́n ọkùnrin ni ọkàn rẹ̀ ń fà sí. Tàbí obìnrin ni, obìnrin sì ni ọkàn rẹ̀ ń fà sí. Bí ó bá wá gbójú gbóyà sọ ọ́ nílé, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí yóò gbọ́ ni pé: "Bí ó bá jẹ́ òótọ́ ni, kí ló dé tí a kò rí i nígbà tí o wà ní kékeré? Ta ni ó kọ́ ọ?" Láti ibẹ̀ ni wọn yóò ti pinnu pé ẹgbẹ́ búburú ni, tàbí íńtánẹ́ẹ̀tì, tàbí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ará ilé bàbá. Kí oṣù náà tó parí, wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọkọ tàbí ìyàwó fún un.

Èrò tèmi ni pé ìbéèrè yẹn ní ìdáhùn, àti pé ohun tí a ń ṣe lẹ́yìn tí a bá ti bi í kò tọ́ níwájú Ọlọ́run àti ènìyàn.

ṢÉ ÈNÌYÀN LÈ PẸ́ KÍ Ó TÓ MỌ ARA RẸ̀?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ní ọdún 2013, ilé-iṣẹ́ ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà, Pew Research Center, fi ọ̀rọ̀ wá irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ 1,197 lẹ́nu wò. Wọ́n bi wọ́n léèrè ọjọ́ orí tí wọ́n wà nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fura sí ara wọn, ìgbà tí ó dá wọn lójú, àti ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún ẹnìkan. Bí a bá to ìdáhùn wọn láti orí ẹni tí ó tètè mọ̀ jùlọ dé orí ẹni tí ó pẹ́ jùlọ, ọdún 12 ni ó wà ní àárín gbùngbùn fún ìfura, ọdún 17 fún ìdánilójú, ọdún 20 fún sísọ. Ẹ kíyè sí i pé àárín nìyẹn. Àwọn tí ó wà lẹ́yìn àárín pọ̀ tó àwọn tí ó wà níwájú rẹ̀. Àwọn kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti dàgbà dáadáa kí ó tó dá wọn lójú, ní ilẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ ọ̀rọ̀ yìí lórí tẹlifíṣọ̀n. Kí ni kí a wá retí ní Mushin, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ń sọ ọ́ àyàfi bí wọ́n bá fẹ́ bú ènìyàn?

Obìnrin onímọ̀ kan tún wà, Lisa Diamond, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Utah. Ó tẹ̀lé àwọn obìnrin tí wọ́n tó bí 100 fún ọdún mẹ́wàá, ó ń pè wọ́n léraléra, ó sì tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀ ní 2008. Bí ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn ni ó yí orúkọ tí wọ́n fi ń pe ìfẹ́ ọkàn wọn padà, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan, láàárín ọdún mẹ́wàá yẹn. Kí ẹnikẹ́ni má sì sáré sọ pé, "Ẹ ò rí i, ó ṣeé yí padà!" Ọ̀jọ̀gbọ́n náà fúnra rẹ̀ ti ṣàlàyé pé pé nǹkan ń yí kò túmọ̀ sí pé ènìyàn ni ó yàn án, tàbí pé ẹlòmíràn lè pàṣẹ fún un. Òjò máa ń dá, kì í ṣe nítorí pé a bú u.

ÌDÍ TÍ Ó FI Ń PẸ́ NÍ Ọ̀DỌ̀ WA

Ẹ jẹ́ kí á yẹ ara wa wò. Èkíní, ọ̀rọ̀ tí a ó fi pè é kò sí lẹ́nu wa. Èyí tí àwọn ọmọ àdúgbò mọ̀ fún irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀, èébú ni, n kò sì ní kọ ọ́ sínú ìwé ìjọ. Ohun tí ènìyàn ń fi ara ṣe nìkan ni èébú náà ń tọ́ka sí. Kò sọ nǹkan kan nípa ọkàn. Ti obìnrin kò tilẹ̀ ní orúkọ kan pàtó tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Nítorí náà, ọmọ tí ó ti ń gbọ́ èébú yìí láti kékeré, bí ó bá wo ara rẹ̀, kò ní rí ẹni tí wọ́n ń bú yẹn níbẹ̀. Òun kò ṣe nǹkan kan rí. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni òun.

Èkejì, ọ̀nà tí a gbà ń tọ́ wọn máa ń bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀. Ká fi ọmọbìnrin kan ní Àgùdà, Surulere, ṣe àpẹẹrẹ. Láti ọdún 13 ni ìyá rẹ̀ ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ bá ọkùnrin rìn, kò sì bá wọn rìn. Ó wà nínú ẹgbẹ́ akọrin. Ó wọ Yabatech, ó dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ onígbàgbọ́, níbi tí a ti sọ fún wọn pé kò sí ọ̀rẹ́kùnrin títí di ìgbà tí Ọlọ́run bá sọ̀rọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sunkún nítorí òfin yìí, wọ́n ń yọ́ jáde lálẹ́. Òun kò sunkún. Kò nira fún un rárá. Ìyá rẹ̀ ń dúpẹ́ níwájú ìjọ, àwa náà ń fi í ṣe àwòkọ́ṣe fún àwọn yòókù. Ohun tí gbogbo wa pè ní ìwà mímọ́, ó lè jẹ́ pé ọkàn rẹ̀ kò fà síbẹ̀ ni. Báwo ni òun ì bá ṣe mọ̀, nígbà tí gbogbo àgbà ń sọ fún un pé bí ó ṣe rí yẹn gan-an ni ó yẹ kí ó rí?

Ó pé ọmọ ọdún 26. Òfin wá yí padà lọ́sàn-án kan òru kan. Àwọn tí wọ́n ń sọ pé "má ṣe sún mọ́ ọkùnrin" bẹ̀rẹ̀ sí í bi í pé, "Ọkọ dà?" Ìgbà yẹn ni ó tó yẹ ọkàn ara rẹ̀ wò fún ìgbà àkọ́kọ́, tí kò sì rí ohun tí wọ́n ní kí ó mú jáde níbẹ̀. Ó lè jẹ́ ọjọ́ ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́ ni yóò yé e, nígbà tí ó bá ń sunkún ju bí ọ̀rẹ́ ti í sunkún lọ. Ẹ̀yin ìyá, ọmọ yìí kò purọ́ fún yín fún ọdún 26. Òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ìròyìn náà ni.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọmọkùnrin. Èyí tí kò sá tẹ̀lé obìnrin ní ilé-ìwé gíga, a fi ṣe olórí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́, a ní ó kó ara rẹ̀ ní ìjánu. Àwọn ọmọ tí wọ́n gbọ́ràn sí wa lẹ́nu jùlọ gan-an ni ó lè pẹ́ jùlọ kí wọ́n tó mọ̀. Kò wá yẹ kí a fi ìgbọràn wọn dá wọn lẹ́bi.

ÀWỌN TÍ A MỌ̀ NÍ GBANGBA

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ilẹ̀ òkèèrè nìkan. Mushin ni wọ́n ti bí Bisi Alimi ní ọdún 1975, Yunifásítì Èkó ní Akọka ni ó sì ti kọ́ ẹ̀kọ́ eré orí ìtàgé. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2004, ó jókòó síwájú Funmi Iyanda lórí ètò New Dawn ní NTA, ó sì sọ ohun tí ọmọ Nàìjíríà kankan kò tíì sọ lórí tẹlifíṣọ̀n rí, pé ọkùnrin ni ọkàn òun ń fà sí. Ọmọ ọdún 29 ni nígbà náà. Ohun tí ó tẹ̀ lé e ni ìhàlẹ̀ àti lílù, ní ọdún 2007 ó sá lọ sí Lọ́ńdọ̀nù.

Èkejì sún mọ́ wa ju ìyẹn lọ, nítorí ọmọ ìjọ àti ọmọ ìránṣẹ́ Ọlọ́run ni. Jide Macaulay, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ẹ̀kọ́ Bíbélì, ti sọ ìtàn ara rẹ̀ ní gbangba lọ́pọ̀ ìgbà. Ó ṣe ohun tí a ń sọ fún gbogbo ọmọ wa pé kí wọ́n ṣe: ó fẹ́ ìyàwó nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀, ó sì bí ọmọkùnrin kan. Ìgbéyàwó náà kò dúró, ìfẹ́ ọkàn rẹ̀ kò sì yí padà. Ní ọdún 2006 ó dá ìjọ House of Rainbow sílẹ̀ ní Èkó. Ní 2008, lẹ́yìn tí àwọn ìwé ìròyìn ti gbé wọn jáde tí wọ́n sì ń kọlu àwọn ọmọ ìjọ náà, ó padà sí Lọ́ńdọ̀nù.

Ẹ lè má fara mọ́ ohun tí àwọn méjèèjì ń wàásù. Kì í ṣe ìyẹn ni mo ń bi yín. Ohun tí mo ń bi yín ni pé: nínú ìtàn Macaulay, ìgbéyàwó ha wo nǹkan kan sàn bí?

ỌMỌ TA NI Ẹ FẸ́ FI ṢE OÒGÙN?

Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ń dùn mí sí jùlọ. Nígbà tí òbí bá sọ pé, "Ẹ jẹ́ kó fẹ́ ìyàwó, ara rẹ̀ á balẹ̀," a kì í rántí pé ènìyàn ni ìyàwó yẹn. Ó ní ìyá tí ó bí i. Ó ń retí ọkọ tí yóò fẹ́ràn rẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò sọ òótọ́ fún un kí wọ́n tó ṣe mọ̀mí-n-mọ̀ ọ́. A ó yan aṣọ ẹbí, a ó gba gbọ̀ngàn, àwọn alága yóò dárà títí, àwọn òbí tí wọ́n mọ ohun tí wọ́n mọ̀ yóò máa ná owó lórí onílù.

Lẹ́yìn náà, ọmọ ọlọ́mọ yóò dùbúlẹ̀ lórí ibùsùn lóru, yóò máa bi ara rẹ̀ léèrè pé, "Kí ni mo ṣe? Ṣé mi ò lẹ́wà ni?" Yóò gbààwẹ̀, yóò gun orí òkè lọ gbàdúrà lórí ohun tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Bí oyún kò bá tètè dé, òun náà ni ìyá ọkọ yóò máa fi ojú burúkú wò. Bí ó bá sì jẹ́ ọmọbìnrin ni a fi tipátipá fún ọkọ, òru rẹ̀ gbogbo yóò di ìyà, ọkọ rẹ̀ tí kò mọ nǹkan kan yóò sì rò pé ẹni tí òun fẹ́ kórìíra òun.

Ẹ̀yin òbí, ká ní ọmọ tiyín ni wọ́n fi ṣe oògùn fún ọmọ ẹlòmíràn láìsọ fún yín ńkọ́? Ẹ ò ní gbà. A máa ń sọ pé ẹ̀tàn ni kí oníṣòwò ta ọjà tí ó mọ̀ pé ó ní àbùkù láìsọ. Èyí burú ju ìyẹn lọ, nítorí ayé ènìyàn méjì ni a ń tà, àti ti àwọn ọmọ tí wọn yóò bí. Mo sọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí pásítọ̀: ẹni tí ó bá mọ̀, tí ó sì so irú wọn pọ̀ níwájú pẹpẹ, ó ti ṣẹ ẹni tí kò mọwọ́mẹsẹ̀.

ÀDÚRÀ ŃKỌ́?

Àdúrà dára. Ṣùgbọ́n pàṣán kì í ṣe àdúrà, ìdè kì í ṣe àdúrà, fífi oúnjẹ du ènìyàn fún ọjọ́ mélòó kan nílé ìtúsílẹ̀ kì í ṣe àdúrà. Ẹ jẹ́ kí á kọ́gbọ́n lára àwọn tí wọ́n ti rìn ín. Ní ọdún 1976, àwọn Kristẹni ní Amẹ́ríkà dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, Exodus International, láti ran irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ kí ọkàn wọn lè yí padà. Ó di ẹgbẹ́ ńlá. Ọdún 37 ni wọ́n fi gbìyànjú. Ní ọdún 2012, ààrẹ wọn, Alan Chambers, jẹ́wọ́ pé èyí tí ó pọ̀ jùlọ pátápátá nínú àwọn tí òun ti bá pàdé ni ọkàn wọn kò yí. Ní oṣù kẹfà 2013, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n ti pa lára, wọ́n sì ti ẹgbẹ́ náà pa. Àwọn onígbàgbọ́ bíi tiwa ni wọ́n, wọn kì í ṣe ọ̀tá ìjọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé náà ti yọ ọ̀rọ̀ yìí kúrò nínú ìwé àwọn àìsàn láti ọdún 1990.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò bi mí pé, "Pásítọ̀, ṣé ẹ ń sọ pé kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀ ni?" Nípa ohun tí onígbàgbọ́ lè fi ara rẹ̀ ṣe àti èyí tí kò lè ṣe, ìjọ kọ̀ọ̀kan mọ ibi tí ó dúró, a ó sì máa bá a lọ láti yẹ Ìwé Mímọ́ wò. Ṣùgbọ́n ohun tí ènìyàn kò yàn, a kò lè sọ pé kí ó ronú pìwà dà nípa rẹ̀. Ẹ sì rántí ìwẹ̀fà ará Etiópíà nínú Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì orí 8. Ara rẹ̀ kò rí bí ti àwọn ọkùnrin yòókù, ó sì ní ìbéèrè. Fílípì kò dúró lẹ́bàá ọ̀nà kí ó máa pariwo mọ́ ọn. Ó gun kẹ̀kẹ́ ẹṣin rẹ̀, ó jókòó tì í, ó sì dá a lóhùn.

ÒFIN ÀTI ÀWỌN ONÍJÌBÌTÌ

Èmi tí mò ń ṣiṣẹ́ ìjọba mọ̀ pé a kì í fi ohun tí kò sí nínú òfin kún un. Ààrẹ Goodluck Jonathan buwọ́ lu òfin kan ní oṣù kìn-ín-ní 2014. Ọkùnrin méjì tàbí obìnrin méjì tí wọ́n bá fẹ́ ara wọn, ẹ̀wọ̀n ọdún 14. Ẹni tí ó bá dá irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ tàbí tí ó fi irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ hàn ní gbangba, ọdún 10. Òfin líle ni. Ṣùgbọ́n kò sí ibi tí ó ti sọ pé ohun tí ó wà lọ́kàn ènìyàn jẹ́ ọ̀ràn, kò sì sí ibi tí ó ti pàṣẹ pé kí ìyá fa ọmọ rẹ̀ lé ọlọ́pàá lọ́wọ́.

Ẹ sì wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ẹ̀gbẹ́dá ní oṣù kẹjọ 2018. Àwọn ọlọ́pàá kó ọkùnrin 57 ní òtẹ́ẹ̀lì, wọ́n tò wọ́n síwájú àwọn oníròyìn, gbogbo ayé rí ojú wọn. Wọ́n gbé 47 nínú wọn lọ sí ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀. Ní oṣù kẹwàá 2020, adájọ́ fagi lé ẹjọ́ náà nítorí pé àwọn agbẹjọ́rò ìjọba kò tẹpá mọ́ ọn. Ẹjọ́ tán, ṣùgbọ́n ta ni yóò bá wọn gba ojú wọn padà?

Ewu kan tún wà tí ó yẹ kí òbí mọ̀. Àwọn kan ń fi íńtánẹ́ẹ̀tì dẹkùn fún irú àwọn ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀. Wọn a ṣe bí ọ̀rẹ́, wọn a pè é wá sí yàrá kan, wọn a lù ú, wọn a gba fóònù àti owó rẹ̀, wọn a sì halẹ̀ pé àwọn yóò sọ fún ẹbí rẹ̀. Kito ni àwọn ọ̀dọ́ ń pè é. TIERs, àjọ kan ní Èkó tí ó ti ń ṣiṣẹ́ láti 2005, ti kọ ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ sílẹ̀ nínú ìròyìn rẹ̀. Ẹ ronú sí i: ohun tí àwọn oníjìbìtì yìí ń tà ni ìbẹ̀rù tí ọmọ ní fún wa. Bí ọmọ bá mọ̀ pé òun lè sọ ọ́ nílé kí wọ́n má lé òun, ọjà wọn kò ní tà mọ́.

KÍ NI KÍ Á ṢE?

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá wá bá yín, ẹ jẹ́ kí ó sọ̀rọ̀ tán. Bí ẹ kò bá mọ ohun tí ẹ ó sọ, ẹ sọ pé, "Mo gbọ́, ọmọ mi ṣì ni ọ́." Ìyẹn tó fún ọjọ́ náà. Ẹ má ṣe gbé e lọ sí ẹgbẹ́ àdúrà kí gbogbo òpópónà má baà gbọ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ má ṣe lé e jáde. Ẹni tí ó bímọ ọ̀ràn ni ó ń pọ̀n ọ́n, ọmọ yìí kò sì dá ọ̀ràn kankan.

Ẹ̀yin pásítọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi, ohun tí wọ́n bá sọ fún wa ní kọ̀rọ̀ kì í ṣe àpẹẹrẹ fún ìwàásù ọjọ́ Àìkú. Kí á má gbà kí wọ́n na ẹnikẹ́ni lórúkọ ìtúsílẹ̀ nínú ilé wa. Bí a bá sì ń gbani níyànjú kí ìgbéyàwó tó wáyé, kí a máa ya ọkọ àti ìyàwó sọ́tọ̀, kí á bi ẹnì kọ̀ọ̀kan bóyá ó fẹ́ ẹni yìí látọkàn wá, tàbí ilé ni ó ń tì í. Bí ó bá ní ilé ni ó ń ti òun, kí á dá ètò náà dúró láìsọ ìdí fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, pípẹ́ kí ẹ tó mọ̀ kò sọ yín di onírọ́. Kò sí ẹni tí ó ń lé yín. Ẹ kò ní láti fún ara yín lórúkọ kankan lónìí. Ẹ ṣọ́ra fún àjèjì orí fóònù. Ẹ wá àgbà kan ṣoṣo tí ẹnu rẹ̀ dá, kí ẹ sọ fún un. Ẹ má sì ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi yín ṣe ọkọ tàbí aya ẹni tí a kò sọ òótọ́ fún. Ó sàn kí ẹ sọ pé "mi ò tíì ṣe tán" ní ìgbà ogún ju kí ẹ sọ "bẹ́ẹ̀ ni" kan ṣoṣo tí yóò ba ayé ènìyàn méjì jẹ́.

Bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, òsì ni a fi ń fà á mọ́ra. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ yìí, ọwọ́ méjèèjì ni a fi tì wọ́n jáde. Kí Olúwa fún wa ní ọkàn tí ó lè gbọ́ ohun tí ó ṣòro láti gbọ́, kí ó sì pa àwọn ọmọ wa mọ́, nílé àti lẹ́yìn odi. Àmín.